Ẹ̀wù Páànù tí Àjíṣafẹ́ Rán fún Ẹ̀rọ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó bá rán ẹ̀wù páànù fún ẹ̀rọ awáwúrà, àna rẹ̀ ni yóò gbé òrùka mì"? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ní Òkè-Àgbọn, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà lẹ́bàá odò, Àjíṣafẹ́ fẹ́ fẹ́ Mopélọ́lá. Ìdána ku ọjọ́ mẹ́ta ni òrùka wúrà tí olóògbé bàbá Mopélọ́lá fi sílẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè.

Ìyá ní, "Àjíṣafẹ́, mi ò ní fi ìka òfìfo gba àwọn ènìyàn rẹ lálejò. Wá a rí, àbí kí ìdána dúró."

Ẹ̀rù ba ọmọkùnrin. Ó sáré lọ yá ẹ̀rọ awáwúrà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlátẹ̀jú. Ọ̀pá gígùn ni, ó ní àwo rìbìtì nísàlẹ̀ tí wọ́n ń gbé kiri lórí ilẹ̀, a sì máa ké bó bá ti rí wúrà.

"Àwo yìí ni ojú rẹ̀," ni Ọlátẹ̀jú wí. "Má fi gbá òkúta. Bí o bá lò ó tán, bọ́ ìdérí rọ́bà yìí, ṣan iyanrìn inú rẹ̀, kí o fi àkísà nù ún gbẹ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dé ọ̀nà, ó wo rọ́bà náà, ó yínmú. Rọ́bà kẹ̀? Ohun tí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, ṣé páànù kọ́ là ń fi bò ó? Òrùlé ńkọ́? Àpótí aṣọ ńkọ́? Ó ki rọ́bà bọ àpò, ó yà sọ́dọ̀ bàbá tó ń fi páànù rọ àtùpà.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣebí irin ni nǹkan yìí ń wá?"

"Wúrà ni, Bàbá. Páànù kì í ṣe wúrà."

Bàbá mú òòlù. Ó rọ ìdérí tó ń dán bí ìkòkò tuntun.

Àjíṣafẹ́ dé oko Ìyá, ó tẹ bọ́tìnnì. Wìììì! "Ó ti rí i!" Ó pa á, ó gbẹ́lẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó sún síwájú, ó tún tẹ̀ ẹ́. Wìììì! Ó tún gbẹ́ ẹ. Kó tó di ọ̀sán, ogún ebè ti tú. Àwọn alábàágbé gbọ́ igbe ẹ̀rọ, wọ́n gbé ọkọ́ dé. "Àṣé orí wúrà la ń gbin ẹ̀gẹ́ sí!" Wọ́n bá a tú ogójì mọ́ ọn.

Ó ní bóyá ẹran ló gbé e mì, ó kọjú ẹ̀rọ sí ewúrẹ́ kan. Wìììì! Ẹni tó ni ewúrẹ́ gbé e, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ló bá kọjú rẹ̀ sí Ìyá, tó ń gbé omi bọ̀ fún un. Wìììì!

Àjíṣafẹ́ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Ẹ̀bà."

"Ṣé ẹ rún un dáadáa?"

"Ta ní ń rún ẹ̀bà? Gbígbé mì ni!"

"Ẹ ò rí i! Ẹ ti gbé òrùka mì mọ́ ọn!"

"Èmi, ìwọ ọmọ yìí?"

Obìnrin kan ti ń pariwo pé kí wọ́n já ewé àsùnwọ̀n wá, kí Ìyá lè yà á. Ibẹ̀ ni Mopélọ́lá bá wọn. Ó gba ẹ̀rọ, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò.

"Ta ló wọ èyí fún un?"

"Èmi ni. Kó má baà gbọgbẹ́."

Mopélọ́lá fa páànù yọ, ó kọjú ẹ̀rọ sí ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ pa kẹ́kẹ́; àṣé páànù ló ń ké sí. Ó ṣan iyanrìn ojú àwo, ó fi etí ìró nù ún, ó yọ rọ́bà lápò Àjíṣafẹ́, ó dé e padà, ó gbé e kọjá lórí erùpẹ̀ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti kó jọ. "Wì." Òrùka nìyẹn.

Ìyá fi í sọ́wọ́. "Ìdána yóò wáyé. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ebè mi ńkọ́?"

Ọjọ́ méjì gbáko ni Àjíṣafẹ́ fi kọ ebè. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ níbi ìdána, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ kò nà mọ́. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ló gbé e dìde. Wọ́n gbé oúnjẹ dé, Ìyá bu òkèlè kan, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, máa wò mí o. Mò ń gbé e mì."

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó fi àṣejù ìtọ́jú ba nǹkan jẹ́, tó wá ń ka ẹ̀sùn sí ẹlòmíràn lọ́rùn, ẹ sọ fún un pé: ẹni tó bá rán ẹ̀wù páànù fún ẹ̀rọ awáwúrà, àna rẹ̀ ni yóò gbé òrùka mì.