Ọjọ́ Tí Ògúnsínà Fi Ahọ́n Kan Ọ̀bẹ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ ọ́ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún yín rí pé wọ́n ti dán an wò? Ẹ rò pé àwọn àgbà kàn jókòó sábẹ́ igi ni, ni wọ́n bá ronú kàn án? Rárá o. Ẹnìkan ló kọ́kọ́ fara gbá a kí wọ́n tó sọ ọ́ di òwe. Ògúnsínà lorúkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni, ará Òkè-Ẹwìrì. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí òwe yẹn gbà lọ́wọ́ ẹni tó bí i.

Láyé ìgbà náà, bàbá tó bá fẹ́ kí ọmọ òun rí jẹ, ilé àgbẹ̀dẹ ni yóò mú un lọ. Àgbẹ̀ kò lè roko láìsí ọkọ́, ọdẹ kò lè wọgbó láìsí ọ̀bẹ. Ògúnsínà sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Àwọ̀ iná ló ń sọ fún un ìgbà tí irin tó lù. Bó bá ki irin gbígbóná bọmi, ìró omi náà ló fi ń mọ̀ bóyá ó ti le tó, tàbí ó ti le jù tí yóò fi kán. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀ ọ́n ṣe: kò mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìyìn ẹlòmíràn kí inú má bíni.

Ṣé ẹ rí i, alágbẹ̀dẹ kì í ṣe èkù. Bó bá lu ọ̀bẹ tán, agbẹ́gi ni yóò gbé e lọ fún. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá Ògúnsínà ṣe é pẹ̀lú bàbá Ọnàjídé agbẹ́gi, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá mú ọ̀bẹ lọ́jà, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ni yóò yìn. Yóò ní èkù yìí mà dára o. Ògúnsínà á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dénú.

Ìgbà tó yá, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ wá láti etí òkun. Ọ̀bẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò lè gé ọrùn adìẹ kó má tọrọ gáfárà, ṣùgbọ́n kò wọ́n, ó sì ní èkù. Ará ìlú ń rà á. Ilé àgbẹ̀dẹ dákẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Ògúnsínà wábi gbà, èyí lọ ń ru ẹrù, èyí lọ ń dáko olóko. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ta aṣọ rẹ̀ títí ó fi ku èyí tó wà lára. Àwọn ọmọ ń sùn láìjẹun, wọn kò tiẹ̀ béèrè oúnjẹ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Olúọ́dẹ, olórí àwọn ọdẹ, ránṣẹ́ káàkiri. Ọ̀bẹ etí òkun ti kán sára ẹfọ̀n kan, ẹfọ̀n náà sì ti pa ẹni tó mú un dání. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ni yóò máa rọ ọ̀bẹ fún gbogbo ọdẹ ìlú. Wọn yóò máa bá a dáko, yóò sì máa jẹ nínú ẹran wọn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Kí alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀bẹ kan wá lọ́jọ́ ọjà.

Ògúnsínà wú irin tí bàbá rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nítorí ọjọ́ burúkú. Ó kó gbogbo èédú tó kù sídìí iná, ó lù ú. Ọ̀bẹ tó jáde, ẹ̀rù ń ba èèyàn láti wò ó. Eṣinṣin kan bà lé ẹnu rẹ̀, eṣinṣin náà fò lọ láìní ẹsẹ̀.

Èrò pé wá wò ó. Ọnàjídé náà wá, ó fẹ́ wọn ìrù ọ̀bẹ, ìyẹn ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ inú èkù. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọ̀rẹ́ mi, o gbìyànjú," ó ní. "Èkù tí màá fi sí i báyìí, òun ni yóò gba iṣẹ́ yẹn fún wa."

Ó fẹ́ fi mú inú rẹ̀ dùn ni. Ṣùgbọ́n ojú egbò ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Ògúnsínà gba ọ̀bẹ padà, ó gbé e sórí òkúta tí wọ́n ń lu irin lé, ó fi ahọ́n kàn án níṣojú gbogbo èèyàn.

"Ògún, gbọ́. Irin mìíràn kò gbọdọ̀ kan igi tí yóò ṣe èkù ọ̀bẹ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Ẹni tó bá búra báyìí tó sì yẹ̀ ẹ́, irin ni yóò pa á, àárín irin sì ni alágbẹ̀dẹ ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Ọnàjídé kó ohun èlò rẹ̀, ó lọ sílé. Àwẹ̀ró fọwọ́ lérí.

"Bàbá Ògúnrántí," ó ní, "kí lẹ fẹ́ fi di ọ̀bẹ yìí mú, tí ẹ ó fi gbẹ́ ohun tí a fi ń dì í mú?"

Ògúnsínà ní kó lọ wá nǹkan ṣe.

Ó fi àkísà wé ìrù ọ̀bẹ, ó forí lé igbó. Bó ti sá igi, ọ̀bẹ yí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé àkísà, ó gé àtẹ́lẹwọ́, igi ló gé kẹ́yìn. Ó ru igi náà délé tòun ti ẹ̀jẹ̀, ó ní Ògún ti gba tirẹ̀, iṣẹ́ ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ki ìrù ọ̀bẹ bọ inú iṣu. Iṣu kan ṣoṣo tó kù nílé ni. Ó di iṣu mú, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi, ó sì fẹ́ jọ pé ó ń lọ, àfi ìgbà tí iṣu là sí méjì. Ọ̀bẹ fò, ó gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, ó mú díẹ̀ dání lára etí. Àwẹ̀ró ṣa iṣu náà, ó sè é. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ yó.

Lẹ́yìn èyí ni ọgbọ́n dé. Ó fi òkúta méjì há ọ̀bẹ mọ́lẹ̀, ó wá ń fi igi gbo ẹnu rẹ̀. Igi náà ń bó bí ọsàn. Èkù yọ, ó jọ̀lọ̀, ó gba ọwọ́ dáadáa. Ògúnsínà, tí ọwọ́ méjèèjì ti wà nínú àkísà, rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dénú.

Ó ku ihò. Ńṣe la máa ń fi ìrù ọ̀bẹ sínú iná títí yóò fi pọ́n, ká wá kì í bọ èkù kó jó ọ̀nà wọlé fúnra rẹ̀. Èédú kò sí nílé mọ́. Ó ní kò burú, iwájú Olúọ́dẹ lòun yóò ti ṣe é, kí gbogbo ojú rí i. Agbẹ́gi èyíkéyìí ì bá sọ fún un pé igi tútù kì í gba irin gbígbóná. Kò bi agbẹ́gi kankan.

Lọ́jọ́ ọjà, àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù gbé ọ̀bẹ tiwọn kalẹ̀. Ògúnsínà fi ewé tútù wé ẹnu ọ̀bẹ tirẹ̀ kí ooru má bà á jẹ́, ó ki ìrù rẹ̀ sínú iná tí àwọn ọdẹ fi ń yan ẹran. Nígbà tó pọ́n, ó fi ẹ̀mú gbé e, ó kì í bọ èkù. Èéfín sọ. Ó ń wọlé. Àwọn ọdẹ ń na ọrùn. Olúọ́dẹ pàápàá dìde dúró.

Igi náà dún pàá, ó là dé ìdí. Ọ̀bẹ yọ kúrò lẹ́nu ẹ̀mú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ nílé àgbẹ̀dẹ, kó tó mọ bí a ṣe ń fi ẹwìrì fẹ́ná, ni pé irin tó bá ń já bọ́, kó sá fún un. Ògúnsínà ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé rẹ̀ ló ń já bọ́ yẹn. Ó na ọwọ́, ó hán an.

Mo ti sọ fún yín pé ọ̀bẹ náà mú. Ó gé ewé tó wé e, ìka mẹ́ta bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún Ògúnsínà, ajá ọdẹ kan sì ti gbé ọ̀kan lọ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ọnàjídé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ya aṣọ ara rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Olúọ́dẹ bẹ̀rẹ̀, ó mú ìdajì èkù nílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Èkù yìí ì bá dára o," ló wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìsàlẹ̀ odò ló gba iṣẹ́ náà. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò mú tó ti Ògúnsínà rárá, ṣùgbọ́n Olúọ́dẹ ní ohun tí ọdẹ rí dì mú ni ọdẹ fi ń pa ẹran. Ògúnsínà wá di ẹni tó ń fín ẹwìrì fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Àánú ló fi gbà á síṣẹ́.

Ọ̀bẹ náà wà ní àjà títí dòní. Ọnàjídé ì bá gbẹ́ èkù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi irin kan igi èkù tí wọ́n ti búra lé? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aládùúgbò kan wá yá ọ̀bẹ tí yóò fi rẹ́ ilá. Ó ní òun gbọ́ pé ilé yìí ni ọ̀bẹ tó mú jù ní gbogbo Òkè-Ẹwìrì wà. Àwẹ̀ró fa ọ̀bẹ etí òkun kan yọ lábẹ́ agbọ̀n, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí, ó nà án sí i. Obìnrin náà gbójú sókè wo àjà, ó ní èyí tó wà lókè yẹn wá ńkọ́?

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì bu òkèlè.

"Ìyá Dúró," ó ní, "gba èyí tó lékù. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."