Téèpù Dúdú Lórí Iná Búrẹ́kì

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé, torí ọjọ́ náà ni mo bínú débi tí ojú fi tì mí.

Ìkìrun ni mò ń gbé, Ìníṣà ni mo ti ń ṣe tíṣà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, iná rúsúrúsú kan ṣàdédé tàn níwájú mi nínú ọkọ̀, wọ́n kọ ABS sí i lára, ìyẹn iná tó ń kìlọ̀ nípa búrẹ́kì. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ìníṣà. Kò tiẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, páàdì búrẹ́kì ni." Ó pààrọ̀ páàdì, iná ò kú. Ó ní ọ́ìlì búrẹ́kì ni. Ó pààrọ̀ ìyẹn náà, iná ń wò mí bọ̀ọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n wá gbé ọkọ̀ mi. Mo ṣáná sí i: iná ti lọ! Mo ṣàdúrà fún un bí ẹni pé ó jí òkú dìde.

Ní Sátidé, èmi àti màmá mi ń lọ sí Òkukù lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn tára wọn ò yá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìníṣà ni Màmá na ọwọ́ síwájú mi.

"Kí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ibí yìí?"

Wọ́n fà á. Téèpù dúdú ni! Iná ABS wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń tàn bí ojú ológbò.

Èmi! Mo gbé ìyá tó bí mi sínú ọkọ̀, lórí ọ̀nà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ẹnì kan sì ti fi téèpù dí mi lójú!

A rọra wọ́ dé Òkukù. Mo yà sọ́dọ̀ rìwáyà kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ abẹ́ sítíárìn, ó kà á, ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

"Búrẹ́kì yín ṣì ń mú, ọ̀gá. Àmọ́ wáyà tó ń sọ bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń yí ti já. Tí ẹ bá tẹ búrẹ́kì lójijì lórí omi, ọkọ̀ lè máa yọ̀ lọ. Ẹ wò ó, ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e."

Ọ̀bẹ kẹ̀! Mo pe mẹkáníìkì lórí fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ sí sípíkà kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Ọ̀daràn! O gé wáyà mi, o tún fi téèpù bò ó!"

"Ọ̀gá tíṣà, mo jẹ̀bi téèpù, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mi ò mú ọ̀bẹ dé ìdí ọkọ̀ yín."

"Irọ́ lò ń pa! Ta ló wá gé e?"

Màmá tún gèlè wọn ṣe. "Àbí okùn dúdú tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn táyà ni, èyí tí o fi ọ̀bẹ ìdáná mi gé lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí ò ń fọ ọkọ̀? Mo bi ọ́ pé kí ni, o ní pàǹtí ni."

Ẹ̀rín bú jáde nínú fóònù, ti mẹkáníìkì àti ti gbogbo èrò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Rìwáyà sáré padà sábẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ń gbọ̀n.

Ó fi wáyà tuntun sí i, iná kú, ó sì kú lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo bẹ mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni mo torí ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ o. Ti téèpù ṣì ń dùn mí dòní. Mo ti kọ́gbọ́n: kéèyàn tó na ìka sí ọmọlàkejì, kó kọ́kọ́ rántí ohun tí ọwọ́ òun náà ti ṣe.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ fọ ọkọ̀, Màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kí n na ọwọ́ méjèèjì kí àwọn rí i. Inú á bí mi, ẹ̀rín á sì tún pa mí.