Òǹtẹ̀ Ìlú Tí Odò Gbé

Tíṣà-fẹ̀yìntì kan ti kó sítáǹpù àtijọ́ kún pálọ̀ títí àga fi ń wá ibi tó máa jókòó sí. Nírọ̀lẹ́ yìí, ó nawọ́ sí àwo kékeré orí tábìlì, ó bá a lófo, ó ń dán gbinrin. Ló bá ké pe àbúrò ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀ tó wá kí wọn.

"Ìyàwó mi, ta ló fọwọ́ kan sítáǹpù inú àwo yìí?"

"Èmi ni, ọkọ wa. Ẹ má tíì dúpẹ́."

"Ẹgbẹ́ àwa tá à ń kó sítáǹpù jọ ń bọ̀ wá wò ó báyìí-báyìí! Nígbà tí mo sọ pé ó wà lọ́wọ́ mi, Alága pè mí ní onírọ́ lójú gbogbo èèyàn. Òní ni mo fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́."

"Ó mà dáa tí mo ráyè tún un ṣe o. Ṣé kí àlejò wá bá ìdọ̀tí nílé wa?"

(Tíṣà rọra gbé awò tó ń sọ èèrà di erin sílẹ̀.)

"Ìdọ̀tí wo?"

"Àbàwọ́n dúdú roboto ló wà láàárín rẹ̀. Àárọ̀ lẹ ti ń tẹjú mọ́ ọn. Àánú yín ṣe mí."

"Òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì nìyẹn! Òun gan-an ni mò ń wò!"

"Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti òwú fọ̀ ọ́. Ó kọ́kọ́ ṣagídí. Mo ní, 'Ìwọ kékeré yìí! Èmi tí mo ń yọ ọ́ìlì lára ṣòkòtò mẹkáníìkì?'"

(Tíṣà wá àga, kò rí; ó jókòó sílẹ̀.)

"Ìlú tó lu òǹtẹ̀ yẹn, odò ti gbé e lọ, tilé tọjà. Òǹtẹ̀ yẹn nìkan la fi mọ̀ pé èèyàn gbébẹ̀ rí. Odò gbé ìlú, kò rí òǹtẹ̀ gbé. Ìwọ wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ gbé e!"

"Háà! Oore náà ni igún ṣe tó fi pá lórí."

"Gbé e wá. Bóyá àpá rẹ̀ ṣẹ́ kù."

"Àpá kẹ̀? Lọ́wọ́ mi? Ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ o."

"Mo ní gbé e wá!"

(Alágbàfọ̀ ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ láti àárọ̀.)

"Ọkọ wa, nígbà tó mọ́ tán, ó dà bíi tuntun. Mo ní kí ló dé tí màá tún fi lọ ra òmíràn? Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà tí mo kọ sí ìyá wa, mo jù ú sínú àpótí pósọ́fíìsì."

(Wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Ohùn Alága ló kọ́kọ́ wọlé. Tíṣà káwọ́ lérí.)

"Mo gbé! Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n?"

"Ẹ ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣebí òǹtẹ̀ náà lẹ̀ ń sunkún sí? Kó tó dọ́dọ̀ ìyá wa, pósọ́fíìsì á ti lu òmíràn lé e, ti ìlú tó ṣì wà!"