Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta, Ẹ̀jẹ̀ Oṣù Mẹ́ta

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan: tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ kan tó ń kùn ní kọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni. Obìnrin tí àwọn aláìsàn ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́ ń to ìgò wẹ́wẹ́. Tíṣà wọlé, ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò kó tó fẹ̀yìn tì, tí kò sì tíì gbà pé ohun kan wà láyé tí òun ò mọ̀. Ọdún kẹfà rèé tí àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé bí àyẹ̀wò tòní ò bá dára, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló kàn. Abẹ́rẹ́ sì ni ẹ̀rù Tíṣà.

TÍṢÀ: (Ó na apá, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.) Ó yá, ọmọ mi, gún un kíá. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ lónìí, bí omi òjò ló mọ́.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ jókòó ná. Kí ló dé tí ètè yín gbẹ báyìí?

TÍṢÀ: Ọjọ́ kẹta rèé tí oúnjẹ ò kan ẹnu mi. Omi nìkan. Ìyàwó mi rò pé mo ń gbàdúrà ni.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ta ló ní kí ẹ gbààwẹ̀?

TÍṢÀ: Orí pípé ni. Ṣé ṣúgà lẹ fẹ́ wá? Ẹni tí ò jẹun, níbo ni yóò ti rí ṣúgà? Kọ ọ́ sílẹ̀ pé Tíṣà yege.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Háà! Bàbá, àyẹ̀wò tòní ò fẹ́ ààwẹ̀ rárá. Ẹ̀ bá jẹun yó bámúbámú kẹ́ ẹ tó wá, ohun kan náà ló máa sọ.

TÍṢÀ: (Apá rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.) Kí lo wí?

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Èyí tí wọ́n ń gún ìka fún, ṣúgà àsìkò yẹn nìkan nìyẹn ń wò. Tòní yàtọ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ àwọn hóró pupa wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, àwọn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Bó bá ti lẹ̀, ó lẹ̀ nìyẹn, títí hóró náà á fi kú. Hóró kan sì ń lò tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin láyé. Èyí tí ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ la máa wọ̀n, òun ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe lo oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

TÍṢÀ: Ẹ̀jẹ̀ ara mi! Tí mo ń gbé kiri! Ó wá ń ṣòfófó mi?

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Kì í ṣe òfófó, àmì là ń pè é. Ara kún fún irú àmì bẹ́ẹ̀.

TÍṢÀ: Má kọ́ mi. Mo ti mọ gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá fi ebi pa ara yín fún ọjọ́ mẹ́ta?

TÍṢÀ: Mo ń dán yín wò ni. Àmì wo ló tún wà?

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ìgbóná ara, àmì ni. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àmì ni. Bí kíndìnrín bá ń bàjẹ́, ìtọ̀ lè ti sọ ọ́ kí ẹsẹ̀ tó wú. Bí iṣan ọkàn bá fara gbọgbẹ́, nǹkan á jò láti ara rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa rí i. Òmíràn ń sọ pé àìsàn ń bọ̀ lọ́nà, òmíràn ń sọ ibi tó dé dúró, òmíràn ń sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

TÍṢÀ: (Ó fò fẹ̀rẹ̀.) Oògùn kẹ̀? Ó máa sọ ti oògùn náà?

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ẹ̀n-ẹ́n.

TÍṢÀ: Pé inú ìkòkò òdòdó ni mo ń jù ú sí?

(Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́.)

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ìkòkò òdòdó wo, bàbá?

TÍṢÀ: Ti ìyàwó mi, èyí tó wà lójú fèrèsé.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Òdòdó ọ̀hún ńkọ́?

TÍṢÀ: Ó ti kú.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ó mà ṣe o. Òun ló bá yín lo oògùn.

TÍṢÀ: Bisikíìtì inú àpótí irinṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ó máa dárúkọ ìyẹn náà? Àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí mo ń mu nílé àbúrò mi? Ìgò mẹ́ta ni lójúmọ́, kì í ṣe mẹ́rin. Bí ẹ̀jẹ̀ mi bá sọ pé mẹ́rin, irọ́ ló pa.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Bàbá, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí ń mú jáde. Kò mọ àpótí, kò mọ àbúrò. Mi ò tíì yọ abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rá, ẹ ti jẹ́wọ́ tán.

(Tíṣà ń fi ìka lu tábìlì. Lójijì, ojú rẹ̀ là.)

TÍṢÀ: Tóò. Hóró tó ti dàgbà ló ń rojọ́, àbí? Mo fi wọ́n tọrẹ! Fa líítà méjì lára mi, fún ẹni tí kò ní. Tuntun á rọ́pò rẹ̀, o ò sì wọn tuntun.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ẹni tá a máa fún, kí ló ṣe yín?

TÍṢÀ: Àánú ló ń ṣe mí.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ká tiẹ̀ fà á, àmì náà á kàn ṣì wá lọ́nà ni. Ẹni tí hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tètè kú, nọ́ńbà tiẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lásán, kára má sì yá. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í fojú kan ṣoṣo wo nǹkan.

TÍṢÀ: Kó lọ sílẹ̀ lásán yẹn gan-an ni mo fẹ́!

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Bẹ́ ẹ bá fọ́ ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, ṣé ibà á lọ?

TÍṢÀ: Kò ní lọ. Àmọ́ ta ni yóò fi ẹ̀rí mú mi?

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ẹ wò ó, kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ lé mi jáde nígbà ìdánwò àṣekágbá wa. Ẹ ní ẹni tí kò kàwé láti oṣù mẹ́ta, kí ló wá ṣe ní gbọ̀ngàn.

TÍṢÀ: (Ó tẹjú mọ́ ọn.) Ìwọ ni! Ọmọ tó kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́!

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Báírò mi ló jò, sà.

TÍṢÀ: Ó jò, ó wá dà bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin. (Ó dìde fùú.) Mo ti rí i, ẹ̀san lo fẹ́ gbà. Mi ò ṣe mọ́! Ó di oṣù mẹ́ta òní.

(Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí fìlà rẹ̀, ó padà wá mú un. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń wo ilẹ̀.)

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Bàbá, ẹ dúró. Mi ò tíì gún yín. Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí nílẹ̀?

TÍṢÀ: Ti ẹni tó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ yìí ni.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé.

(Ó fi tipá mú un jókòó, ó bọ́ bàtà ọ̀tún. Ìṣó kan ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, orí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ rọ́bà. Ìbọ̀sẹ̀ ti rin.)

TÍṢÀ: Ìṣó? Ó ní láti jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé nítòsí ilé wa. Mo fẹsẹ̀ rìn wá ni, kí ṣúgà tó kù lè jóná.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Kò dùn yín?

TÍṢÀ: Rárá o! (Ó rẹ́rìn-ín.) Ṣé o rí i? Ọkùnrin ni mí! Kọ ìyẹn náà sílẹ̀...

(Ó fi ìka tẹ ojú ọgbẹ́. Ó tún un tẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.)

TÍṢÀ: Kò dùn mí.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ohun tí ṣúgà ń ṣe sí ẹsẹ̀ nìyẹn, kì í jẹ́ kó mọ ìrora mọ́. Ọkùnrin tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ níbí lóṣù tó kọjá, òun náà ní kò dùn òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá fún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, ẹ ti tẹ ìṣó bọ̀ láti ilé.

(Ẹ̀rọ ń kùn. Tíṣà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, ó na apá, kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́.)

TÍṢÀ: Gba ẹ̀jẹ̀ náà, ọmọ mi. Ó jọ pé òun nìkan ló kù lára mi tí kì í parọ́.