Ohùn Tó Pè Mí Létí Odò Ọ̀pá

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àárọ̀ ọyẹ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nípa odò Ọ̀pá: bó ṣe ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ifẹ̀, bí yunifásítì ṣe sé e fún omi ẹ̀rọ, bí àwọn olóko ẹ̀fọ́ ṣe ń pọn ọ́n, tí màlúù sì ń mu ún. Ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi, ní ìlò tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí nínú àpò funfun, á wá so ó mọ́ gbòǹgbò igi. Lọ́sẹ̀ náà, àwọn ẹbí ẹni tó fẹ́ fẹ́ Bọ́lá ọmọ wa ń bọ̀ wá mọ̀ wá, fùfú ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti gbọ́ òkìkí rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a jọ lọ kó ẹ̀gẹ́ náà. "Ẹ bá mi di báàfù yìí mú," ló wí, ó sì wọ inú ìkùukùu lọ sí òkè odò. N kò rí i mọ́. N kò tilẹ̀ rí bàtà ara mi. Ẹyẹ kan ò ké. Ṣàdédé ni ohùn kan dún lórí omi: "Bàbá Bọ́lá o!"

Ó dà bí ẹni pé bèbè méjèèjì ló ti ń wá. Ní agbo ilé wa ní Ìrémọ, kò sí ọmọ tí wọn kò kìlọ̀ fún pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí létí odò. Mo panu mọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Bàbá Bọ́lá! Ẹ gbà á! Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín!"

Kí ló ń bọ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù, mo sì fo ẹsẹ kan. Ohun funfun kan yọ, ó ń mi orí bọ̀ lójú omi. Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo já sínú odò tòun ti báàfù. Nǹkan náà fara kan orúnkún mi, ó tutù, ó rọ̀ bí ara òkú. Mo figbe ta, mo sì yà fún un. Ìgbà tó kọjá tán ni òórùn rẹ̀ tó kàn mí nímú. Iwin wo ló ń rùn bí fùfú?

Bí mo ṣe ń wá fìlà mi tó bọ́ sómi, ohùn kan tún pè, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí: "Àkànní." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìyá Bọ́lá jáde, ìró rẹ̀ ń ro tótó. "Okùn àpò ẹ̀gẹ́ já, mò ń ké pè yín! Ṣé etí yín di ni?"

"Èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí."

"Ohùn èmi tí ẹ ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá? Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún àwọn àna."

Ẹ̀bà làwọn àna jẹ. Ìyá Bọ́lá kò tilẹ̀ jẹ́ kí n ṣàlàyé. "Ẹ má bínú," ló sọ fún wọn, "iwin ló gbé fùfú yín lọ. Bàbá ìyàwó rí i, wọ́n tún yà fún un lọ́nà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀rín náà, wọn kò bínú.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í léèrè ìdí tó fi pè mí ní Àkànní. Ó gbé àwo tó ń fọ̀ sílẹ̀.

"Èmi? Èmi ò pè yín bẹ́ẹ̀ rí."

Òótọ́ ni. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú tipẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá pè yín létí odò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohùn ta ni. Bó bá jẹ́ ti aya yín, ẹ tètè jẹ́ ẹ, kí ẹ sì di àpò mú. Bó bá jẹ́ irú èyí tó pè mí ní Àkànní, háà, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé.