Ọkọ̀ Tiwa-n-Tiwa Tí Ìlú Ìdí-Owú Gbé Pọ̀n Lọ Sọ́jà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tí a gbé pọ̀n ni kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn? Ẹ ó sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀yìn ìyá ni. Rárá o. Ọmọ kọ́ ló dá a sílẹ̀, mọ́tò ni. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pé òwe dàgbà ju mọ́tò lọ, kó lọ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí òwe wá.

Ní ìlú Ìdí-Owú, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúnṣínà. Mọ́tò ló ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń tún un ṣe o, òun ló ń rọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pe ọkọ̀ náà ní Tiwa-n-Tiwa. Ọkọ̀ náà lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyàwó tuntun fi ń dúró tì í ya fọ́tò. Fèrè rẹ̀ a máa dún bí àkùkọ tó mu àgbo. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í fẹ́ rìn. Bó bá rí òkè, á wo òkè náà títí, á sì padà sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí àwọn ará ìlú fi ń ra tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ lè ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lè jẹ́ okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n á gbé ni dé oko. Tiwa-n-Tiwa wá kún ilé iṣẹ́ Ògúnṣínà, adìẹ ń yé sínú wọn. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sóhun tó ṣe ọkọ̀ òun. Ìfẹ́ ìlú ni àwọn èèyàn kò ní. Ló bá dé fìlà, ó gba ààfin lọ.

"Kábíyèsí," ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "bí ìjọba yín kò bá dìde sí ọ̀rọ̀ mi, ilé iṣẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo tí ìlú yìí ní máa di ilé ewúrẹ́. Lọ́tunla ni Ọjà Ìkóríta. Gbogbo olówó àgbègbè yìí ló máa wà níbẹ̀. Bí Tiwa-n-Tiwa bá débẹ̀ tí wọ́n fojú rí i, mo ti là. Bí kò bá débẹ̀, mo máa ti ilẹ̀kùn pa, kí àwọn òṣìṣẹ́ mi máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà pín ìgbìmọ̀ sí méjì. Olóyè Ọ̀tún ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Tòkunbọ̀ kì í ṣe ọmọ wa. Ẹ jẹ́ ká ran Ògúnṣínà lọ́wọ́."

Ìyálóde Efúnwùmí, obìnrin tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í sì fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n, rẹ́rìn-ín. "Ọ̀tún, ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ lọmọ yìí wá bẹ̀ wá fún. Ìdí gan-an ló ní ká bá òun wá."

Ààfin hó yèè.

"Ìyálóde, ẹ jọ̀ọ́, àgbà wà níbí!"

"Àwọn àgbà náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló gun Tiwa-n-Tiwa wá sáàfin lónìí nínú yín?"

Olóyè Ọ̀tún rọra fi ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́rọ́ tòkunbọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ ẹní.

Kábíyèsí ní, "A ò ní fún un lówó. Ọ̀wẹ̀ ni ìlú máa bá a ṣe. Kí àwọn ọkùnrin lọ ti ọkọ̀ náà dé Ọjà Ìkóríta."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀wẹ̀ ṣe rí ní Ìdí-Owú. Ẹni tó bẹ èèyàn lọ́wẹ̀, tí à ń pè ní ọlọ́wẹ̀, òun ló máa ń ṣíwájú iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ àfi bí ọlọ́wẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ó tó." Òfin náà dára, torí ẹni tó wà níwájú ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò tíì sí ọ̀wẹ̀ tó ní sítíárìn.

Lọ́jọ́ ọjà, Ọdẹ́jìnmí tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ògúnṣínà ní, "Ọ̀gá, ẹ bọ́ síwájú ká bẹ̀rẹ̀."

"Bí mo bá wà nílẹ̀, ta ló máa di sítíárìn mú?"

Ògúnṣínà wọ inú ọkọ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó fọn fèrè.

Wọ́n tì í. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ó yí gbirigbiri, atẹ́gùn ń fẹ́ sí Ògúnṣínà létí, inú rẹ̀ ń dùn. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, táyà kan yọ, ó yí padà sọ́nà ilé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Ògúnṣínà yọ orí síta. "Ẹ má wulẹ̀ dúró! Ẹ bá a gbé apá ibẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n gbé apá ibẹ̀. Táyà kejì lọ wá èkíní. Wọ́n gbé gbogbo iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí òkè, gbogbo ọkọ̀ náà ti wà léjìká. Odò ló wá kàn. Òkúta inú rẹ̀ ń yọ̀, olúkúlùkù sì ní láti fi ọwọ́ di ọ̀pá mú kó má ṣubú, kò sí ọwọ́ fún mọ́tò mọ́. Àwọn obìnrin tó ru oúnjẹ tẹ̀ lé wọn bá tú ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n fi gbá mọ́tò mọ́ àwọn ọkùnrin lẹ́yìn. Àgbà ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n pọn mọ́tò.

"Ọ̀gá," Ọdẹ́jìnmí ń mí gúlegúle, "ṣé kò tíì tó?"

"Kí ló tó? Ṣé a ti rìn ni? Ṣé ẹ ò rí bí igi ṣe ń sáré kọjá ni? Ọ̀nà ò jìn jàre. Ẹ kàn máa rọra, ẹ̀ ń mì mí."

Ó sùn lọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, fèrè ló fi jí Ọjà Ìkóríta. Èrò ya bò wọ́n. Ṣówùnmí, bàbá olówó tó ní oko kòkó, yí ọkọ̀ náà ká. "Ó lẹ́wà o. Báwo ló ṣe ń mu epo?"

"Bàbá, láti Ìdí-Owú títí dé ibí, kò mu ẹ̀kán kan."

"Ha! Ṣé ó ń gun òkè?"

"Ó gun òkè, ó tún la odò kọjá."

"Àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ara ọkọ̀ ni wọ́n."

Ṣówùnmí kò dúró gbọ́ púpọ̀ sí i. Ó jókòó sídìí sítíárìn, àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta kún ẹ̀yìn pẹ̀lú àpò ẹ̀gúsí wọn. "Kó gbé mi délé wò. Bó bá gbé mi délé, gbogbo èyí tó wà nílé iṣẹ́ rẹ ni mo máa rà."

Ògúnṣínà fò fún ayọ̀. Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀ tí ahọ́n wọn ti yọ síta. "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ku díẹ̀."

Ìyálóde, tó ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá sọ́jà láti àárọ̀, dìde lórí àpótí. "Ọlọ́wẹ̀, wọn ò ní kọ̀. Ìlú ò tíì gbọ́ 'ó tó' lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti di sítíárìn mú. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

Ògúnṣínà wo iwájú ọkọ̀, kò sí àyè. Ó wo ẹ̀yìn, àpò ẹ̀gúsí ló rí. Ìyálóde na ọ̀já kan sí i. "Iwájú ni àyè ọlọ́wẹ̀."

Bó bá kọ̀, oníbàárà lọ nìyẹn, ilé iṣẹ́ sì di ilé ewúrẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbá mọ́tò mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọ́n nàró.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rọ ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló mọ bó ṣe wúwo tó. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ké kí ẹnu rẹ̀ tó ké. Ó ronú kan ilé iṣẹ́, ó gbé ẹsẹ̀. Ó ronú kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó tún gbé òmíràn. Wọn ò tíì kọjá ìsọ̀ aláta tó fi dúró sójú kan.

"Ó tó!" ni Ògúnṣínà figbe ta. "Ẹ̀yin ará Ìdí-Owú, mo ní ó tó o!"

Kó tó parí rẹ̀, ọkọ̀ ti balẹ̀ gbì. Ṣówùnmí yọ orí síta. "Kí ló tó? Ṣé a ti rìn ni? Ẹ máa gbé mi lọ jàre, ọ̀nà ò jìn!"

Ògúnṣínà dojú délẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀já wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbójú sókè. "Bàbá," ó ní, "ẹ má bínú. Ẹni tí a gbé pọ̀n ni kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."

Ẹ̀rín bú sọ́jà. Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n wá tú ọ̀já lára òun, torí ikùn ń dun òun. Ṣówùnmí kó àwọn ìyàwó rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Kábíyèsí gbọ́, ó sì ní ìjọba máa ra Tiwa-n-Tiwa lọ́jọ́ tó bá gbé ẹni tó ṣe é gun òkè láìsí èèyàn lábẹ́ rẹ̀. Ìyálóde ní kí Ògúnṣínà wá tú ẹ́ńjìnnì akẹ́rù òun wò, kó mọ bí ti àwọn tó ń rìn ṣe rí. Ó lọ, ó tú u, ó sì fi ohun tó rí níbẹ̀ tún Tiwa-n-Tiwa rọ. Ilé iṣẹ́ náà kò di ilé ewúrẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó jókòó pẹ̀sẹ̀, tó ń sọ pé kò sóhun tó le láyé, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa bá ọ̀já níbẹ̀. Ẹni tí a gbé pọ̀n ni kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.