Àlùfáà Ṣóyọyè Lọ Tu Opó Gíríìkì Nínú

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Ọdàn máa sọ pé, "Ẹni tó ń lọ tu ẹlẹ́kún nínú, kó mú aṣọ ìnujú tirẹ̀ dání"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń fẹnu pa á kiri ni. Ìyá ìyá mi wà nínú yàrá tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Oníṣòwò Gíríìkì kan wà tó ń ra ekùrọ́ nílùú wa láyé ọjọ́un, Sítáfúrò lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń ná ọjà bí ọmọ onílẹ̀. Fótíní, ìyàwó rẹ̀, kò gbọ́ ju "Ẹ káàárọ̀" lọ, òun ló sì fi ń kí èèyàn tàárọ̀, tọ̀sán, tìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ àṣà wa kan dáadáa. Ní Ìsàlẹ̀-Ọdàn, àlejò kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọdún mọ́kànlá ni Fótíní fi ń bu ṣíbí kan jẹ lójú àlejò ọkọ rẹ̀ kó tó gbé àwo fún un.

Ibà wá pa Sítáfúrò. Fótíní jókòó sórí àga kan, ó ń sunkún, kò sì fi nǹkan kan kan ẹnu. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tó jẹ́ omi nìkan ló ń mu, Ìyálóde Abẹ́jẹ́ ní òun ò ní káwọ́ gbera kí ebi pa àlejò kú mọ́ ìlú lọ́wọ́.

"Ta ló gbọ́ èdè obìnrin yìí?"

Gbogbo ojú yí sí Àlùfáà Ṣóyọyè. Ó kọ́ Gíríìkì nílé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí kì í rán ìjọ létí bẹ́ẹ̀ láti orí àga ìwàásù. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé Gíríìkì inú Bíbélì ni, ó ti tó ẹgbàá ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́, òun ò sì tíì fi bá Gíríìkì alààyè kan sọ̀rọ̀ rí.

Ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ dé, ìwé náà wúwo bí ọmọ odó. Gẹ̀ẹ́sì ló ń túmọ̀ sí Gíríìkì, torí náà ohunkóhun tí a bá sọ ní láti gba ọ̀dọ̀ òyìnbó kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ opó.

"Sọ fún un pé ó kú ara fẹ́ra kù," ni Ìyálóde wí.

Àlùfáà ronú. "Sọ́rì nìyẹn, mà." Ó wá a nínú ìwé, ó sì sọ ọ́.

"Sọ fún un pé ó kú ìrọ́jú."

"Sọ́rì náà ni, mà."

"Sọ fún un pé gbogbo ìlú ń bá a kẹ́dùn."

Àlùfáà wo ilẹ̀. "Sọ́rì ni."

"Ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni òyìnbó fi ń ṣe gbogbo ọ̀fọ̀ wọn ni?"

Ojú ti Àlùfáà. Ó ṣí ìwé lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ wà. Ó rí èyí tí wọ́n fi ń rọ ẹṣin pé kó dúró jẹ́ẹ́, ó sì rí èyí tí wọ́n fi ń sọ fún òkun pé kó pa rọ́rọ́. Ó mú ti òkun, torí ó jọ èyí tó ní iyì. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi ohùn ìwàásù sọ ọ́. Fótíní wò ó, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.

"Gbé ìwé yẹn sílẹ̀," ni Ìyálóde wí. "Báwo la ṣe ń tu èèyàn nínú níbí? Tiwa la máa ń sọ fún un, kó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Sọ fún un pé mo sin ọkọ, mo sin ọmọ méjì, mo ṣì ń jẹun. Ìwọ náà, sọ tìẹ."

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Dọ́kásì ìyàwó Àlùfáà ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló wàásù níbi ìsìnkú náà, omi ò sì bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹni tó ń tu ìjọ nínú kì í sunkún níwájú ìjọ. Ó ṣí ìwé. Ó tún pa á dé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ń wá, ó mọ̀ wọ́n lórí: ìyàwó, mi, kú. Ó sọ wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ ní Gíríìkì àtijọ́ tirẹ̀.

Fótíní dá ẹkún rẹ̀ dúró. Láti ẹgbàá ọdún, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ò tíì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ Àlùfáà mú.

Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ẹkún ọdún mẹ́ta já lu Àlùfáà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, kò bá nǹkan kan. Ó tọwọ́ bọ tòsì, òfìfo. Ìwé nìkan ló mú wá. Ó fi apá ẹ̀wù nujú títí apá ẹ̀wù fi rin. Ìyálóde rántí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó bú sẹ́kún. Ìyá ìyá mi, tí kò tíì sin òkú adìyẹ rí, ó bá wọn sun ún. Kò sẹ́ni tójú rẹ̀ gbẹ mọ́ níbẹ̀ àfi opó.

Fótíní fún Àlùfáà ní aṣọ ìnujú tirẹ̀. Ẹkún ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú aṣọ náà, Àlùfáà ní láti kọ́kọ́ fún omi inú rẹ̀ dà nù kó tó nujú. Obìnrin náà wo gbogbo wọn yí ká, ó mí kanlẹ̀, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tó jáde, ó gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì dání, ó gbé e síwájú Àlùfáà.

Àlùfáà ò fọwọ́ kàn án. Tẹkúntẹkún, ó ń dúró. Fótíní náà dúró. Gbogbo yàrá ń wo ṣíbí.

Fótíní rántí. Ó bu ẹ̀wà ṣíbí kan, ó fi sẹ́nu, ó sì gbé e mì. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tó ti jẹun kẹ́yìn. Àlùfáà ò tíì lè jẹun fún ẹkún, torí náà obìnrin náà tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí àwo fi dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ lé èjìká Àlùfáà, ó sì fi gbogbo Yorùbá tó gbọ́ tù ú nínú.

"Ẹ káàárọ̀," ó ní. Oòrùn ti ń wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni gbogbo wọn dáhùn.

Títí di òní, bí ẹ bá ń lọ kí ọlọ́fọ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ọdàn, wọn ò ní bi yín bóyá ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àpò yín ni wọ́n máa wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń lọ tu ẹlẹ́kún nínú, kó mú aṣọ ìnujú tirẹ̀ dání. Ti ọlọ́fọ̀ ti rin.